Ọdún Ìfojúsọ́nà ní Ìlú Ọlọ́rùn-Gígùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro kí ó tètè nà án, ẹni tí ó fẹ́ lọ tọ̀ kí ó lọ tọ̀ kí ó dé, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́níyì ọmọ Ògúnṣọlá, ará Ìdí-Ọ̀mọ̀, ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé mo ti pa ẹfọ̀n tí ó ń sáré bọ̀ wá pa mí, ẹ sì mọ̀ pé èmi àti ẹkùn ti pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí ó jẹ́ pé ẹkùn ni ó yà fún mi. Ìwo tí ó wà lára ògiri mi, ọjà kọ́ ni mo ti rà á. Gbogbo ìgbà tí a bá jókòó báyìí, ìtàn ẹfọ̀n yẹn ni ẹ máa ń ní kí n sọ. N kò ní sọ ọ́ lónìí. Ìrìn-àjò kan wà tí ó ṣì ń bí mi nínú títí di àárọ̀ yìí, tí bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń jẹun, òkèlè á korò mọ́ mi lẹ́nu. Òun ni n ó sọ. Bí ohùn mi bá ń le bí mo ti ń sọ ọ́, ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni a lọ. Ọ̀kan ni Ọ̀jẹ́lékè alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó ń bá wa tún ìbọn ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́ sí irin, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Bí ikùn bá ní kí ó dìde láàárín ìpàdé ẹbí, yóò dìde, yóò sì lọ. Ẹnì kejì ni Láoyè. Ọdẹ ni bíi tèmi, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ kú láìbímọ fún un, àwọn òbí rẹ̀ ti lọ tipẹ́, ó sì ń dá gbé inú yàrá kan létí ọ̀nà oko. Bí a bá jọ pẹran, òun ni yóò ru apá tí ó wúwo jù, òun náà ni yóò sì mú ìpín tí ó kéré jù, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ayé.

Ọ̀jẹ́lékè ni ó mú ọ̀rọ̀ ọdún náà wá. Adẹ́mu kan ni ó sọ fún un pé nínú Igbó Àgbìgbò, lẹ́yìn odò, ìlú kan wà tí wọ́n ń pe ọdún wọn ní Ọdún Ìfojúsọ́nà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń parí rẹ̀, oúnjẹ a sì máa wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Ó ní kò sí ọdẹ ìlú wa kan tí ó dé ibẹ̀ rí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ ni Ọ̀jẹ́lékè gbọ́. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé kò sí ọdẹ tí ó dé ibẹ̀ rí. Ohun tí Láoyè gbọ́, n kò mọ̀. Ó kàn gbé àpò kọ́ èjìká, ó tẹ̀lé wa ni.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni a kúrò nílé. N kò ní fi ọ̀nà yọ yín lẹ́nu, igi ni igi, ẹ̀gún ni ẹ̀gún. Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí a kan ẹnubodè ìlú náà, a sì bá oníbodè níbẹ̀. Ọkùnrin náà lójú, ó nímú bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ọ̀tún tóbi tó atẹ tí àwọn obìnrin fi ń pàtẹ ata, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dání bí ẹni gbé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Ó dẹ etí náà sí ilẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní àwa mẹ́ta ni, pé ẹnì kan ń ro oúnjẹ, ẹnì kan ń ro ara rẹ̀, ẹnì kẹta kò ro nǹkan kan. Mo kí i, mo sọ oríkì ara mi fún un dé ibi tí ó dùn jù, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní àlọ́ kan ni kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè náà.

“Kí ni ó jáde nílé láìgbé ẹrù,” ni ó bi wá, “tí gbogbo ilé sì ṣófo?”

“Èéfín ni,” mo dáhùn. Ẹ mọ̀ pé àlọ́ kì í ṣòro fún mi.

Ó ní èéfín dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èéfín. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ni. Ó ní ìmọ́lẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Mo ní ariwo ọmọdé ni, mo ní òórùn ọbẹ̀ ni, mo dá ìdáhùn tí ó tó kún apẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára, kò sì sí èyí tí ó ṣílẹ̀kùn. Láoyè ni ó wá rọra sọ lẹ́yìn mi pé, “Ènìyàn kan ni,” oníbodè sì yà lọ́nà fún wa. Ẹ gbà mí o. Ìyẹn náà ni ìtumọ̀ àlọ́? Ọgbọ́n wo ni ó wà nínú rẹ̀? Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi.

Kí a tó wọlé, ó fi ewé kan dí ẹnu ìbọn wa, ó sì wúre sí i. Ó ní ariwo kankan kò gbọdọ̀ bo ìró ẹsẹ̀ ẹni tí a ń retí mọ́lẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé a lè mu omi tó bá ti wù wá, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí oòrùn yóò fi dúró láàárín ọ̀run lọ́jọ́ Àìkú.

Gbogbo ilé ìlú náà kọjú sí ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ jókòó sórí ẹní níwájú ilé wọn, ọrùn wọn sì gùn. Nígbà tí mo ní ó gùn, n kò sọ ti ọrùn arẹwà tí ẹ máa ń fi kọrin. Ó gùn tó apá mi yìí láti èjìká dé ọrùn-ọwọ́. Wọ́n ní wọn kò bí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, pé yíyọjú wo ọ̀nà ni ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkálùkù ni ẹní kan wà tí ó ṣófo, oúnjẹ gbígbóná sì wà níwájú ẹní náà: iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ọ̀yà gbígbẹ dúró láàárín rẹ̀ bí erékùṣù, ẹ̀wà tí epo ń dán lórí rẹ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á gbé e fún ewúrẹ́, wọ́n á tún se òmíràn. Àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyẹn nìkan ni ó ń ṣọdún. Wọ́n sanra débi pé wọn kò lè sá fún ènìyàn.

Kò sí ijó, kò sí orin, kò sí eré. Bí ewé kan bá já, gbogbo ọrùn á yí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá rí i pé ewé ni, gbogbo ọrùn á tún yí padà. Èmi mọ ìlúgọ. Mo lè ba sídìí igi títí èèrà á fi gba ẹsẹ̀ mi ṣe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdẹ mọ ohun tí òun ba dè. Mo bi àwọn wọ̀nyí pé ta ni wọ́n ń dúró dè, oníkálùkù sì dárúkọ tirẹ̀, ọkọ kan, ọmọ kan, àbúrò kan. Mo bi wọ́n ní ìgbà tí ó lọ, wọ́n ní ó ti pẹ́. Mo bi wọ́n ní ìgbà tí yóò dé, wọ́n ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀ kí àwọn lè gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí orí ṣe ń gbóná láìsí ibà, kí ó lọ bá wọn ṣọdún.

Ilé ìyá arúgbó kan ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Àrẹ̀mú ni orúkọ ọmọ tí ó ń retí, nítorí náà Ìyá Àrẹ̀mú ni a ń pè é. Ó fún wa lómi, ó na ọrùn wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bèèrè bóyá a pàdé ẹnì kan lọ́nà. Mo ní rárá. Ọ̀jẹ́lékè kò gbọ́ ìbéèrè, ọ̀yà ni ó ń wò. Láoyè ni ó jókòó tì í, tí ó ní kí ó ṣe àpèjúwe ọmọ náà fún òun, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Láoyè ti la igi fún ìyá náà, ó ti pọn omi kún ìkòkò, ìyá náà sì ti ń pè é ní ọmọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni nǹkan bàjẹ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ Ọ̀jẹ́lékè bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ níwájú èlùbọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé òórùn ọbẹ̀ wá, gògóńgò rẹ̀ á lọ sókè, á lọ sísàlẹ̀. Mo ní kí ó fún ìgbànú rẹ̀ le. Ó ní òun ti fún un dé ibi tí ihò rẹ̀ parí sí. Mo kàn yísẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ni. Kí n tó padà, ọkùnrin yìí ti jókòó sórí ẹní Àrẹ̀mú, ó ti fi òkèlè tí ó tó orí ọmọ tuntun bọ ẹnu, itan ọ̀yà sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Mo rò pé wọn yóò lù ú. Ìbá sàn bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Wọ́n tú jáde, wọ́n ní Àrẹ̀mú dé, wọ́n ń fi omi wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi osùn kùn ún. Ọ̀jẹ́lékè rẹ́rìn-ín, ó jẹ itan ọ̀yà rẹ̀ délẹ̀, ó sì fẹ́ dìde kí wọn. Kò lè dìde. Ẹní náà ti dì mọ́ ọn nídìí bí àtè ti í di ẹyẹ mú. Ó tún fà, ẹní àti ilẹ̀ jọ fà á padà. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ mi.

Baálẹ̀ wọn, ẹni tí ọrùn rẹ̀ gùn débi pé ọ̀pá kékeré ni ó fi gbé e ró, wá bá mi. Ó ní ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ ẹni tí a ń retí ti di ẹni náà. Mo ní alágbẹ̀dẹ ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ó ní Àrẹ̀mú náà níṣẹ́ kí ó tó lọ. Mo ní n ó pa ẹfọ̀n fún gbogbo ìlú. Ó bi mí pé ta ni yóò jẹ ẹ́. Ojú mi ṣú. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín sókè láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ìbọn mi tí erin mọ ohùn rẹ̀ wúkọ́ bí arúgbó, lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ sì dà jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó rẹ́rìn-ín. Àní wọn kò tilẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín.

“Bàbá,” mo ní, “kí ni ẹ máa gbà kí ẹ tó tú u sílẹ̀?”

“Mú Àrẹ̀mú wá,” ni ó wí. “Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹlòmíràn fínnúfíndọ̀ jẹ nínú àwo yẹn kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run lọ́la. Ọ̀nà kẹta kò sí.”

Ó ní ẹ̀dá kan ń gbé inú àbàtà ìsàlẹ̀ ìlú tí ó ń pa ipasẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá lọ mọ́, Akóẹsẹ̀jọ ni orúkọ rẹ̀. Mo fi Láoyè ti Ọ̀jẹ́lékè, mo kọjú sí àbàtà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ó ga bí ọ̀pẹ àgbà, kò sì lẹ́sẹ̀ kankan. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, èéfín ni. Agbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ṣí ojú ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹrẹ̀ bí ẹni ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ, ó ń kó wọn sínú agbọ̀n. Mo bi í léèrè ipasẹ̀ Àrẹ̀mú. Ó ní òun kì í fi nǹkan hàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí n fún òun ní ojú ẹsẹ̀ mi kan ṣoṣo. Mo tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ onígbéraga ni. Lẹ́yìn náà ni ó to ipasẹ̀ Àrẹ̀mú sílẹ̀ fún mi, mo sì tọ̀ ọ́ dé etí odò. Ó wọ inú omi. Mo wá òdìkejì odò náà títí, kò sí ibi tí ó ti jáde.

Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Akóẹsẹ̀jọ dúró sí mi lọ́nà. Ó ní ẹsẹ̀ kan kì í dá rìn, kí n jọ̀wọ́ fún òun ní èkejì. Èmi náà mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ẹni tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wọ agbọ̀n náà kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́ láé. Mo fò sókè, mo di ìtàkùn mú, mo ń ti orí gbòǹgbò bọ́ sórí gbòǹgbò, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi wìrìwìrì. Ibi tí gbòǹgbò tán sí, mo rí ipa ẹfọ̀n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ mi sínú ti ẹfọ̀n náà gẹ́lẹ́. Gbogbo èyí tí ó bá ṣí lẹ́yìn mi, pátákò ni. Mo ń gbọ́ tí ó ń ṣépè. Ẹ yìn mí fún èyí, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí òun nìkan ni mo rí ṣe láṣeyọrí nínú gbogbo ìrìn náà.

Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí mo padà wọ̀lú. Ara mi kún fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn díẹ̀, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń retí ti kú, kí ni ẹní tún fẹ́ di ènìyàn mú fún? Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

“Ìyá, ẹ má bínú,” mo ní. “Mo tọ ipasẹ̀ Àrẹ̀mú. Odò ni ó gbé e lọ. Kò ní dé mọ́.”

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe fà á jáde. Ìdí igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí.”

Igi ìyeyè yẹn ni mo ti gbé àpò mi kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Àbàtà tí mo wọ̀, ẹsẹ̀ òsì mi tí mo fi sílẹ̀, gbogbo eré tí mo sá, nítorí ohun tí wọ́n ti mọ̀!

“Kí wá ni ẹ ń dúró dè?” mo bi í, n kò sì lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Bí n kò bá se oúnjẹ rẹ̀, ọmọ mi,” ni ó dá mi lóhùn, “ọwọ́ mi kò mọ ohun tí yóò máa ṣe.”

Mo kọjú sí Baálẹ̀, mo rojọ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà. Oòrùn ń gun òkè lọ, Ọ̀jẹ́lékè ń sunkún lórí ẹní bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Láoyè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo ìgbà yìí, ó ń gún iyán òwúrọ̀ fún ìyá náà. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó bá ìyá gbé oúnjẹ síwájú ẹní, ó bomi fọwọ́, ó sì jókòó ti Ọ̀jẹ́lékè. Mo ti mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó na ọwọ́. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ó ní orí òun pé. Mo ní a óò wá ọ̀nà mìíràn, ó ní Baálẹ̀ ti sọ pé kò sí. Mo ní kí ó dìde kí a jọ máa lọ sílé.

“Wọ́n ń retí Ọ̀jẹ́lékè nílé,” ni Láoyè wí. “Ta ni ó ń wo ọ̀nà mi ní Ìdí-Ọ̀mọ̀?”

“Èmi ni,” mo dáhùn kíá.

Ó wò mí. Inú kò bí i rárá, bí inú bá bí i ni ìbá sàn fún mi. “Ẹran ni ìwọ máa ń wò, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá wà lẹ́yìn rẹ nínú igbó, o kì í bojú wẹ̀yìn.”

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó bu òkèlè kékeré, ó jẹ ẹ́. Ẹní náà tú Ọ̀jẹ́lékè sílẹ̀ lójijì débi pé ó fi ojú gbálẹ̀. Kò pẹ́ tí oòrùn fi kan àárín ọ̀run, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọdún. Ìyá Àrẹ̀mú kò wo ọ̀nà mọ́. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu Láoyè bí ó ti ń jẹ. Wọ́n gbé oúnjẹ fún èmi náà, n kò jẹ ẹ́. Ọ̀jẹ́lékè bèèrè bóyá òun lè di díẹ̀ lọ́wọ́, ojú tí mo fi wò ó ni ó jẹ́ kí ó gbé e sílẹ̀. Láoyè fún mi ní ìbọn rẹ̀. Ó ní kí a rìn dáadáa.

Nígbà tí a dé odò, mo ti rí ohun tí n ó ṣe. Mo ní kí Ọ̀jẹ́lékè fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ nípa Láoyè, títí ẹnì kan yóò fi bèèrè rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti bèèrè, mo máa padà sínú igbó yẹn, mo máa dúró níwájú ẹní rẹ̀, mo máa ní, “Lágbájá ń retí rẹ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, irọ́ lo pa mọ́ wa, dìde.” Mo fi ìbọn méjì kọ́ ara ògiri, mo di àpò mi, mo sì jókòó síwájú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí náà ni mo ń dúró dè. Ẹ má wolẹ̀. Ẹ wá kí mi kú àbọ̀. Ẹ bèèrè ẹran tí mo pa. Ẹ rí ìbọn méjì lára ògiri, kò sí ẹni tí ó bi mí pé ti ta ni èkejì. Ọjà ná, ó tún ná. Àwa ọdẹ ṣèpàdé, a jẹ obì, a sì fẹ̀ jókòó tí àyè Láoyè fi dí. Ọ̀jẹ́lékè ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń pa òun nínú. Mo ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́, bí a bá rán wọn létí, kò ní jẹ́ pé wọ́n ń retí rẹ̀ mọ́.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Akínlàjà tí oko rẹ̀ bá ti Láoyè pààlà dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò tilẹ̀ tíì kí mi tán tí ó fi bèèrè pé Láoyè dà. Mo fò dìde débi pé àpótí tí mo jókòó lé ṣubú. Àpò ti wà léjìká mi kí n tó mọ̀. Mo di Akínlàjà lápá mú, mo ní kí ó tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa, kí ó sọ ìdí tí ó fi ń wá a, kí n lè sọ ọ́ fún Láoyè bí ó ti sọ ọ́ gan-an.

Ó ní Láoyè yá àdá òun ṣáájú òjò, òun sì fẹ́ fi ṣán oko. Ó ní bí mo bá mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà, kí n jẹ́ kí òun kàn wọlé mú un, òun kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mo gbé àpò mi kọ́ padà.